Ọ̀nà Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Iwájú Ilé Hámà

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò pẹ́ lẹ́nu ènìyàn. Hámà ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ogún ọdún, nítorí pé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kì í balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí nǹkan tó fọ́. Ó ti fi yọ eyín awakọ̀ kan tó da yanrìn sínú omi tí wọ́n fẹ́ fi po sìmẹ́ńtì. Ó ti fi ṣẹ́ egungun ìhà fọ́rímáànù tó pe ìyá rẹ̀ ní olè. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe: ògiri tí Hámà bá mọ, bí o bá ta okùn sí i, okùn náà ni ojú yóò tì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń mọ ilé náà ló ń wó ènìyàn.

Ẹni tí ọwọ́ náà wó jù lọ ni àbúrò rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣe nígbà kan. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n jọ dúró lórí pákó ní àjà kejì ilé kan, àbúrò sì ní ìlà búlọ́ọ̀kù kẹfà ti wọ́. Hámà ní kò wọ́. Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ti ń ṣe bàìbàì ni."

Hámà tì í. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ o. Títì lásán ni, bí ènìyàn ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Àbúrò fi ẹ̀yìn balẹ̀ sórí òkìtì búlọ́ọ̀kù, egungun rẹ̀ sì dún bí igi gbígbẹ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, tí dókítà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, àbúrò fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀," ó ní. Kò fi ẹsẹ̀ náà rìn mọ́. Irọ́ yẹn di òrùlé tí àwọn méjèèjì ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún rí i, alágbàṣe tó ń po sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ti di mẹkáníìkì, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, ní iwájú ilé Hámà gan-an. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ó láàánú. Ohun tí yóò mú un sọ ọ́ ni kò tíì dé.

Àtẹ̀gùn márùn-ún ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé náà. Láràárọ̀ ni Hámà ń gbé àbúrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tí yóò tún padà lọ gbé kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àbúrò di òpó ilẹ̀kùn mú, kò jẹ́ kó gbé òun. "Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì," ó ní. "Ẹ máa gbé mi bí àpò sìmẹ́ńtì títí n ó fi kú ni?"

Hámà lọ ra búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi mọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìtòsí gọ́tà, kí kẹ̀kẹ́ lè máa yí lọ yí bọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, òṣìṣẹ́ káńsù dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì kọjá ara wọn sí i, àmì pé wíwó ni. Òfin ní ohunkóhun tí a bá fi búlọ́ọ̀kù mọ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá jìnnà sí gọ́tà. Mẹ́ta péré ló kù.

"Bí mo bá gé e kúrú, yóò dúró ṣánṣán," Hámà ní. "Kẹ̀kẹ́ yóò dojú dé."

"Ẹ tọrọ àyè nígbà náà. Ìgbìmọ̀ kan wà tó lè yọ yín kúrò nínú òfin, bí wọ́n bá rí i pé ìnira yín tọ́ bẹ́ẹ̀."

Hámà gba fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti ní kí ẹni tó ń tọrọ kọ orúkọ, orúkọ ara rẹ̀ ló kọ. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ògiri tó ti mọ ló ń fi ṣóńṣó irin fa àmì ara rẹ̀ sí kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi orúkọ ẹlòmíràn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Àṣìṣe tó gbé e ṣubú nìyẹn.

Káńsù fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ará ìtòsí pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ wá sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì kò fẹ́. Ọ̀nà náà ti gba ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fi orí yà sí kí wọ́n tó fi ẹ̀yìn rìn wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì. Kò sì dúró de ọjọ́ ìjókòó. Ọ̀sán gangan ló gbé òòlù ńlá kọjá títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ etí ọ̀nà náà.

Hámà jáde. "Gbé e sílẹ̀."

"Wá gbà á, òǹrorò! Ṣé o rò pé gbogbo ayé ni àbúrò rẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á lára. Hámà gbá a nímú, imú náà sì fọ́ gbọ̀ọ́. Ó gbá a dọ̀bálẹ̀, ó fi orúnkún tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ó ti gbé òòlù náà sókè nígbà tí àbúrò rẹ̀ ké láti ẹnu ilẹ̀kùn: "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má tún ṣe é!"

Ó sọ òòlù náà nù. Mẹkáníìkì dìde, ó tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "O gbọ́ ohun tó wí," ó ní. "'Ẹ má tún ṣe é.' A ó pàdé níwájú ìgbìmọ̀."

Obìnrin arúgbó kan ló jókòó bí alága ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ ìjókòó. Ó ka fọ́ọ̀mù náà jẹ́jẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìbéèrè kan ló kù. Ìnira tí ẹ fi ń tọrọ yìí, ṣé ọwọ́ ara yín lẹ fi fà á?"

Hámà ní rárá.

Mẹkáníìkì dìde, báńdéèjì ní imú. "Ẹ bi í ẹni tó ti àbúrò rẹ̀ láti orí pákó."

Àga Hámà ṣubú sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ́. Àwọn tó wà nítòsí sá.

"Irọ́ ni!" àbúrò ké láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀!"

Hámà wo ẹ̀ṣẹ́ tó dì. Ó wò ó pẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn rí irinṣẹ́ ẹni tó ti kú. Ó tú u. "Kò yọ̀," ó ní. "Èmi ni mo tì í."

Alága kọ nǹkan sílẹ̀. "A ò lè yọ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìnira. Ẹ ní ọjọ́ méje láti wó o." Ó ti fẹ́ pa ìwé dé kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n orúkọ yín ló wà níbí. Ẹni tí kò lè rìn kò tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ wa."

Hámà fúnra rẹ̀ ló wó o. Ó fi òòlù bà á jẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, igi òòlù náà sì pọ́n. Mẹkáníìkì káwọ́ lẹ́yìn ní òdìkejì, ó ń wò ó. Nígbà tí Hámà parí, ó wọlé, ó gbé fọ́ọ̀mù tuntun síwájú àbúrò rẹ̀.

"Kọ orúkọ rẹ. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó fà á, kọ tèmi."

"N ó kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mi yọ̀."

"Bí ẹsẹ̀ rẹ bá yọ̀, ìwọ lo fà á nìyẹn. Wọn ò ní fún ọ."

"Ọlọ́pàá lè ka ìwé yìí!"

"Kí wọ́n kà á."

Àbúrò gbá a lẹ́nu. Kò gbá ènìyàn rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n apá tó ti ń yí kẹ̀kẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án lágbára. Ètè Hámà ya. "Ọdún mẹ́sàn-án!" àbúrò kígbe. "Ọdún mẹ́sàn-án lẹ jẹ́ kí n máa purọ́ fún yín!" Ó tún gbá a, ó tún gbá a, Hámà kò sì gbọ́wọ́ sókè.

"Ṣé ó tó?" Hámà béèrè.

"Ọwọ́ ń dùn mí," àbúrò ní, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. "Irin lẹ fi ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni?"

"Kọ ọ́ nígbà náà."

Tábìlì abẹ́ ìwé náà ń mì, nítorí náà Hámà fi àtẹ́lẹwọ́ tó bó tẹ etí ìwé náà mọ́lẹ̀ títí àbúrò fi kọ ọ́ tán: Ẹ̀gbọ́n mi ló tì mí.

Ìgbìmọ̀ fún àbúrò láyè ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá kò wá, ṣùgbọ́n Hámà ń wojú títì bí ẹni tó ń retí wọn. Ó tún ọ̀nà náà mọ. Ìlà kejì ló dé tí àbúrò fi tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà yẹn ti wọ́."

Hámà nà ró. Mẹkáníìkì tó ń tú táyà dáwọ́ dúró ní òdìkejì. Hámà mú okùn, ó ta á, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú kan wò ó.

Ó wọ́ lóòótọ́. Ó tú u, ó sì tún un tò.