Mo Ní Ara Wọn Ń Yá, Nọ́ọ̀sì sì Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìyàwó mi. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yé mi.

Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Ìyá Fọlá, tí n kò lè dá a gbé mọ́, a mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Ìgàndò. Wọ́n kọ bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé kan, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀: ó lè dá jókòó, ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, iṣu sísè ló fẹ́ràn. Ọmọ Èkìtì ni, kí ni ì bá tún fẹ́ràn!

Lóṣooṣù, kí nọ́ọ̀sì tó tún ìwé náà kọ, ó máa ń bi mí bóyá nǹkan ti yí padà. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ fún un, tí mo sì ń jókòó tì í, lọ́jọ́ Ìsinmi. Nítorí náà, mo ti rí i pé tó bá ti gbé nǹkan mì, ikọ́ á mú un. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, mo rí i lẹ́ẹ̀mẹta.

Nọ́ọ̀sì dé. "Dádì, ẹ kú ìjókòó o. Báwo lẹ ṣe rí màmá wa sí lóṣù yìí?"

Kí lẹ rò pé mo sọ? Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ! "A dúpẹ́, ara wọn ti ń yá." Àbí ta ló máa ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé aláìsàn òun ń burú sí i?

Ìyàwó mi wò mí. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ṣùgbọ́n tíṣà ni tẹ́lẹ̀, kì í jẹ́ kí àṣìṣe kọjá.

"Bàbá Fọlá, ara ta ló ń yá?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ fẹ́ fẹ̀rín pa mí ṣá!" Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé kò sí àyípadà. Mo buwọ́ lù ú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì tuntun kan wọṣẹ́. Ó ka ìwé ara kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé iṣu sísè fún un. Iṣu há a lọ́fun. Wọ́n rí i yọ, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó fi mí sílẹ̀.

Dókítà ní ó lè má jẹ́ iṣu yẹn. Fọlá, ọmọ wa, ní ilé ìtọ́jú ló jẹ̀bi, pé ṣé wọn kò lójú ni? Nọ́ọ̀sì tuntun náà sunkún níwájú mi, ó ní ohun tí òun kà lòun ṣe. Òótọ́ ló sọ. Ta wá ni kí n bá wí? Ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tí wọ́n ń bá yín tọ́jú, tí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ má fi àdúrà dá wọn lóhùn. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ. Ẹ lè gbàdúrà nígbà tí nọ́ọ̀sì bá kọ ọ́ tán.

Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe dáhùn. Ìyàwó mi bi mí ní ìbéèrè kan níwájú nọ́ọ̀sì, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn.