Ehoro Inú Tẹlifíṣàn

Salimata aránṣọ wá ilé fún ehoro Múlíkà ọmọ rẹ̀ títí ó fi sú u. Ó fi í sínú páálí, ehoro jẹ ẹ́ lu. Irin àgò adìẹ ń ha á lẹ́sẹ̀. Kò sì ṣeé fi sí àgbàlá, nítorí àwọn ará ilé ní àdúgbò Koumassi Remblais ti ń béèrè ọjọ́ tí wọn yóò sè é.

Ìbínú ló fi fa òkú tẹlifíṣàn onígi ńlá jáde, èyí tí Òkéwùmí ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó jù nù. Inú rẹ̀ ti ṣófo. Ó tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, ó fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú rẹ̀. Ehoro wọlé, ó nà gbalaja.

Nígbà tí Òkéwùmí dé, Salimata ti di àmùrè ìjà. Ọkọ rẹ̀ fa àga, ó jókòó síwájú ehoro.

"Ìyá Múlíkà, ogun ni mo wò kẹ́yìn nínú ẹ̀ kó tó kú," ó ní. "Èyí tù mí lára."