Òpó Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe kásúà ní oko ìwádìí kan lọ́nà Ìyànà Ọ̀fà. Kásúà ni ẹni tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí kò sì ní lẹ́tà kankan lọ́wọ́. Mo gbin àgbàdo, mo fi okùn wọn ilẹ̀, mo ri òpó, mo lé ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá oko pè wá jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní àwọn tó wà lókè fẹ́ fún wa níwèé iṣẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n a máa kọ́kọ́ jókòó ṣe ìdánwò. Ogún ìbéèrè. Ẹni tó bá gba mẹ́wàá, lẹ́tà rẹ̀ ti dé. Ẹni tí kò bá gbà á, kó máa palẹ̀ ẹrù mọ́, torí bí òjò ọdún náà bá ti dáwọ́ dúró, ilé yá.

Ẹnì kan láàárín wa bèèrè pé, “Ìdánwò kí ni, sà?”

“Ìṣirò ni. Onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, àti àwọn àtẹ tẹ́ ẹ máa wò kẹ́ ẹ tó dáhùn.”

Mo wo ọ̀nà tó lọ sílé.

Mi ò sọ ọ́ fẹ́nì kankan rí, àmọ́ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sá fún onígun mẹ́ta. Bí tíṣà wa bá ti yà á sára pátákó báyìí, ẹgba ló máa ń tẹ̀ lé e. Mo dé kíláàsì kejì ní girama kí n tó fi ìwé sílẹ̀, mi ò tíì mọ ohun tí nǹkan ọ̀hún ń fẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mo ti fi igi pa paramọ́lẹ̀ láàárín àgbàdo, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí kan ni paramọ́lẹ̀ ní, èèyàn mọ ibi tóun máa lù. Orí mẹ́ta ni tonígun mẹ́ta.

Ìyàwó mi ló tẹ ọmọbìnrin àbúrò mi láago láìsọ fún mi. Yàrá háyà lọmọ náà ń gbé ní Ajíbọ̀dé, yunifásítì ló ń lọ. Sátidé ló dé, ó gbé ìwé ìbéèrè kan tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù dání.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ọ́ńkù. Wọ́n ní ẹ fẹ́ padà sílé ìwé.”

“Ilé ìwé ló fẹ́ padà sọ́dọ̀ mi. Èmi ò ránṣẹ́ pè é.”

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo Sátidé, bí mo bá ti toko dé, tiyẹ̀pẹ̀-tiyẹ̀pẹ̀ ni mo máa jókòó tì í lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ mí dé egungun. Nígbà míì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè fún mi, ibi tó bá máa parí ẹ̀ sí, mo ti sùn. Á fi pẹ́ńsù gbá mi lórúnkún pẹ́ẹ́.

“Ọ́ńkù, ẹ ṣì wà níbẹ̀?”

“Mò ń ronú ni.”

“Ẹ̀ ń hanrun.”

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí dá lórí ilẹ̀ kan tó gùn ní ogún mítà, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá. Ó ní kí n sọ bó ṣe tóbi tó. Mi ò tiẹ̀ mú pẹ́ńsù. Mo ní, “Igba ebè.” Ó ṣe ìṣirò tiẹ̀ lórí bébà, ló bá gbójú sókè wò mí: igba náà ló bọ́ sí. Ebè la fi ń ka ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa látayébáyé, ẹni tó bá sì ń kọ ebè dáadáa, mítà kan níbùú lóòró ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Àyà mi le. Àyà tó le yìí ló padà kó bá mi.

Lọ́jọ́ kan, ó ká bébà láti igun dé igun, ó fi ọ̀bẹ gé e sí méjì.

“Onígun mẹ́ta ò ju báyìí lọ, Ọ́ńkù. Ìdajì onígun mẹ́rin ni.”

Mo gbé e lọ́wọ́, mo yí i síwá sẹ́yìn. Ìdajì lásán. Ìdajì bébà ni mo ti ń sá fún láti bí ogójì ọdún.

Àtẹ ló wá dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n ya ọ̀pá gígùn àti kúkúrú sínú ìwé, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá tiẹ̀, láti fi iye àgbàdo tútù tí abúlé kan kó wọlé hàn. Ó ní, “Oṣù wo ni wọ́n kórè jù?”

“Oṣù keje.”

“Ọ́ńkù! Ọ̀pá wo ló ga jù níbẹ̀?”

“Ti oṣù kìíní. Ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n ń pa. Ta ló ń rí àgbàdo tútù ká nínú ọyẹ́, láìsí odò nítòsí?”

“Wọn ò bi yín bóyá irọ́ ni.”

“Kí wọ́n bi mí, kí n sọ fún wọn.”

Ó pa ìwé dé. Mo rí i lójú ẹ̀ pé ó ti ń rẹ òun náà. Ó ní, “Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé ni kẹ́ ẹ dá lóhùn, kì í ṣe oko. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bọ́ oko sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹní bọ́ bàtà. Lẹ́tà yín lẹ bá lọ síbẹ̀.”

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà, lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Orúnkún mi kan àyà mi. Kí wọ́n tó ní ká bẹ̀rẹ̀, mo ti lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀kẹta ò sì mú nǹkan kan jáde.

Mo ń bá a lọ jẹ́jẹ́ títí mo fi kan ìbéèrè kẹrìnlá. Ilẹ̀ kan gùn ní ogójì mítà, ó fẹ̀ ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n fẹ́ fi wáyà yí i ká, mítà márùn-ún ló máa wà láàárín òpó kan sí èkejì. Òpó mélòó ló máa lọ síbẹ̀?

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀n tí wọ́n ń gé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí lóko wa gan-an nìyẹn! Mẹ́jọ lóòró, márùn-ún níbùú, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni òpó tí géètì máa fara tì, torí géètì wa ò fẹ̀ tó mítà márùn-ún, kì í sì í rọ̀ sórí afẹ́fẹ́. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo wo àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò kalẹ̀. Méjèèjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jókòó ti ara wọn bí orogún.

Pẹ́ńsù mi ti balẹ̀ sórí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí n tó rántí àgbàdo inú ọyẹ́. Mo tún ìbéèrè náà kà. Wọn ò dárúkọ géètì. Ó jọ pé ńṣe làwọn tó ni ilẹ̀ yìí ń fo wáyà wọlé. Mo ro ti ọdún mẹ́rìnlá. Mo fa ìlà sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ojú sì ń tì mí bí ẹni tó jẹ́rìí èké.

Nígbà tí èsì dé, mẹ́wàá ni mo gbà. Kò lé, kò dín. Mo tẹ ọmọ àbúrò mi láago. Ó pariwo títí etí mi fi ń ho. Ó ní kí lèmi ò ṣe pariwo.

Mo ní, “Tíṣà mi, ó rẹ̀ mí.”

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, ọ̀gá ní ká lọ fi wáyà yí ilẹ̀ tuntun kan ká. Ó kó òpó fún mi. Mo kà wọ́n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

“Ọ̀gá, ó ku ọ̀kan, sà. Ti géètì.”

“Bàbá, ìṣirò ni mo ṣe. Ṣebí ẹ̀yin náà rí ìbéèrè yìí nínú ìdánwò? Mélòó lẹ kọ?”

Mo wolẹ̀. “Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, sà.”

“Ẹ ò rí i?”

Mo rí i. Mo gbé àdá, mo wọ inú igbó ẹ̀yìn oko lọ, mo gé igi kan, mo rù ú bọ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa yí, géètì ti dúró lára rẹ̀. Igi náà wọ́ díẹ̀, èèpo ṣì wà lára rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn tì í. Ó gbà mí dúró.