Orí Ẹkùn Tí Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe

Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ṣe dàgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé: ọjọ́ tí mo tú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lójú oníbàárà.

Ọláníyì, ẹ̀gbọ́n mi yìí, ló kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlá. Òun ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi igi àti aṣọ líle mọ orí ẹranko fún egúngún, tí wọ́n á wá máa rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn títí ẹranko náà á fi lójú. Bí tèmi bá wọ́, á ní, "Àjàyí, ẹkùn lò ń ṣe ni, àbí ewúrẹ́?"

Ilé egúngún kan ní Òkè-Ìlá ní ká ṣe orí ẹkùn fún àwọn, torí ikán ti jẹ ti àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán àmì ara rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ló sì yẹ kó fi rán an. Ìgbà tí olórí ilé náà wá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹkùn wo ló ní àwọ̀ aró lára?"

Ojú tì mí. Mo já orí náà gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́ tú u. "Ẹ ò ríran ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé, kò sì wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. "Kò ríran lóòótọ́. Ó ti tó ọdún kan tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹ ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun."

A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù.

Mo gbé orí ẹkùn náà lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò tọ ìlẹ̀kẹ̀ láti etí dé àgbọ̀n.

"Òwú yìí ò le. Tún un rán."

Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Èmi ń rán, òun ń fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ tí egúngún jáde, mo mú un jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Ariwo sọ.

"Ṣé ó ti dé?"

"Ó ti dé, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ó ń dán?"

"Oòrùn wà lára rẹ̀. Ó ń dán gan-an."

Ó di ọwọ́ mi mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kú. Mo ṣì ń rán adé àti bàtà. Bí wọ́n bá ní kí n ṣe orí ẹranko, mo máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ẹni méjì ni.