Mo Ní Ara Le, Ẹ̀yìn Mi Ní Rárá

Ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ọdún náà ni ẹ̀yìn ríro mú mi. Àbíkẹ́yìn mi kò tíì máa rìn. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, nítòsí Boundary, mo sì ń fọ aṣọ fún àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ òkun ní Àpápá. Láràárọ̀ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n ìfọṣọ, mo sì máa ń fọ́nnu pé kò sóbìnrin tó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ́ tó mi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, má yọ ìfọ́nnu náà kúrò.

Nígbà tó yá, n kò lè nàró mọ́. Bí mo bá ní kí n pọn ọmọ, àfi bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún mi níbàdí. Ọmọ á nawọ́ sí ẹ̀yìn mi, á máa ké. Èyí ló dùn mí jù.

Ni mo bá lọ sí ọsibítù ní Àpápá. Ọ̀dọ́ ni dókítà náà, ọmọ Yorùbá, ó sì lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ara ńkọ́?"

"Ara le, a dúpẹ́."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Wọ́n ń kí yín."

Àwọn ọmọ mi ń kí dókítà tí wọn ò rí rí! Ó wá bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Nílé bàbá mi, a kì í fẹnu ara ẹni pe àìsàn. Mo ní, "Ẹ̀yìn ló ń ṣe mí díẹ̀díẹ̀." Ó sì kọ oògùn díẹ̀díẹ̀ fún mi. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kíkúnlẹ̀ rọrùn, àtidìde ni kò ṣeé ṣe. Mo di tábìlì rẹ̀ mú, mo ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, òógùn bò mí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ rèé o!"

Dókítà gbé mi dìde. "Ìyá, ṣé ó ń ro yín ni, àbí ó ń ta yín? Ṣé ojú kan ló ti ń gún yín, àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, sà! Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn!"

Mo ti rò pé làkúrègbé ni, àìsàn àwọn arúgbó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bò ó. Ó ní làkúrègbé kọ́, oríkèé ni ìyẹn ń bá jà. Iṣan ẹ̀yìn mi ló ti bàjẹ́, ìrora rẹ̀ sì ti fẹ́ di bárakú. Ó fún mi ní oògùn ara ríro, ó ní kí n máa fi táwẹ́ẹ̀lì olómi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kí n gbé ọpọ́n sórí àga, kí n máa dùbúlẹ̀ lórí ẹní kí n ká orúnkún sókè. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá Urhobo tá a jọ ń gbélé sáré wọlé, ó rò pé mò ń rọbí: "Mama, you dey born?"

Ó pẹ́ kí n tó tún pọn ọmọ náà. Bí mo ṣe so ọ̀já tán, ó tọ̀ sí mi lẹ́yìn. Inú mi dùn, mo ń jó kiri àgbàlá.

Nígbà táwọn ọmọ mi dàgbà, mo sọ fún wọn pé: "Ẹ kí dókítà tán, kí ẹ sì sọ ibi tó ń ro yín àti bó ṣe ń ro yín. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, tara yín á bá yín dákẹ́."