Ẹgbẹ́ Ta-Ni-Ò-Wá

Ọdún tí ìyàwó mi kú ni mo kúrò ní Ọ̀kà. Ìkàrẹ́ ni mo lọ, nítorí pé ìjọba òyìnbó ń kọ́ ilé ẹjọ́ síbẹ̀, wọ́n sì ń wá gbẹ́nàgbẹ́nà tí yóò ṣe òrùlé rẹ̀. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ ní Ọ̀kà lè jẹ tọ̀sán ní Ìkàrẹ́. Síbẹ̀, n kì í lọ sílé. Àbúrò mi ló ń gbé inú ilé náà, àwọn ìkòkò ìyàwó mi sì ṣì wà níbi tó dojú wọn dé sí. N kò fẹ́ rí wọn.

Mo gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Iṣẹ́ kò burú, ìrọ̀lẹ́ ló burú. Tí kálukú bá ti ń gba ilé rẹ̀ lọ, tí mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gún iyán ní gbogbo agbo ilé tó yí mi ká, n kì í mọ ibi tí mo lè gbé ara mi sí. Bí mo ṣe di ará ilé ẹmu nìyẹn.

Àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni, tí ìyá arúgbó kan pa sẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó ń mu ẹmu níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó nílé tètè ń lọ. Àwa mẹ́ta ni a máa ń ṣẹ́kù. Ọ̀kan jẹ́ Ìmàle tó ń kiri aṣọ, kì í sì í fẹnu kan ẹmu. Obì ló ń jẹ. Nígbà tí ìyá bi í léèrè ohun tó ń wá nílé ẹmu, ó ní, “Ìyá, ilé tí mo wọ̀ sí, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀.” Ìyá kò tún bi í mọ́. Ó gbé àpótí kan fún un síbi tí òórùn ẹmu kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kejì jẹ́ ará Ẹ̀pìnmì, ọkùnrin gìrìwò kan tó ń bá wọn la ọ̀nà tuntun. Èdè ìlú wọn yàtọ̀ sí ti wa, Yorùbá rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Yóò kí wa, yóò mu igbá ẹmu rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò dìde. A rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ẹni jẹ́jẹ́.

Tí ìyá bá ti fẹ́ bu ẹmu, yóò wò wá yí ká, yóò bèèrè pé, “Ta ni ò wá?” Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ará Ẹ̀pìnmì ni kò wá. Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Ọjà ná, ọjà tú, a kò rí i.

Ìyá gbé igbá sílẹ̀. “Ẹ lọ wò ó.”

“Níbo, Ìyá?” ni mo wí.

A kò mọ ibi tó ń sùn. A kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń darí àwọn tó ń la ọ̀nà sọ fún wa pé ẹni tí kò bá wá síbi iṣẹ́, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ni. Obìnrin kan tó ń ṣẹ́gi ló tọ́ka ahéré kan fún wa lọ́nà Arigidi.

A bá a nílẹ̀. Sòbìà ti yọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò lè dìde. Agbè omi rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tó rí wa, ó ní, “Ẹ wá.” N kò mọ̀ bóyá ó ń pè wá ni, tàbí ó yà á lẹ́nu pé a wá.

A bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Èmi a pọnmi, Ìmàle a fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá a sì fi oúnjẹ rán wa. Ìyá wá sọ fún wa pé, “Láti òní lọ, ẹni tí kò bá wá, ẹ lọ wò ó kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ sì jẹ́ kí kálukú mọ ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sùn.” Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, a mú ara wa dé ẹnu ọ̀nà ara wa. Bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń kọjá ló sọ wá ní Ẹgbẹ́ Ta-Ni-Ò-Wá.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ará Ẹ̀pìnmì náà ní ilé lòun fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì lè rìn. Mo fi igi ṣe ibùsùn tí a lè gbé, àwọn méjì tí wọ́n jọ ń la ọ̀nà sì bá wa gbé e. Ọ̀kà la gbà kọjá. Ẹsẹ̀ mi wúwo bí a ṣe ń gòkè. Oòrùn mú, Ìmàle ní, “Ṣé ilé yín kò sí nítòsí? Ẹ jẹ́ ká bèèrè omi.”

Ìyàwó àbúrò mi kúnlẹ̀ kí wa. Inú ìkòkò ìyàwó mi ló ti bu omi wá. Ó ti ń lò ó. Mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, mo mu ún. Omi tútù ni.

Bí a ṣe wọ Ẹ̀pìnmì, tọmọdé tàgbà jáde. Orí ibùsùn tí ará Ẹ̀pìnmì wà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ń sọ, ó ń fọwọ́ júwe, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu omijé. Àwa dúró bí òpó, a kò gbọ́ ẹyọ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá ní, “Ẹ má bínú, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Òun ló ń pa wá lẹ́rìn-ín nílùú yìí. Láti ìgbà tó ti lọ, ibí dákẹ́ rọ́rọ́.”

Ìmàle wò mí, mo wò ó. Gbogbo ìgbà tí a fi jọ jókòó, a kò tíì rí ọkùnrin apanilẹ́rìn-ín yìí rí.

Nígbà tí a ń padà, Ìmàle bi mí pé, “Ìwọ ńkọ́? Irú èèyàn wo ni ọ́ ní Ọ̀kà, nígbà ayé ìyàwó rẹ?”

Mo sọ fún un pé mo máa ń kọrin tí mo bá ń gbẹ́gi. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo yanu, orin náà kò jáde. Kò fi dandan mú mi.

Ará Ẹ̀pìnmì kò padà sí Ìkàrẹ́ mọ́. Ìmàle náà di aṣọ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Kàbbà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn àlejò mìíràn ń dé sí ilé ẹmu, ẹgbẹ́ náà sì ń gbèrú títí tí wọ́n fi sọ mí di bàbá ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé. Mo máa ń lọ. Wọn a fi mí sí àga iwájú, wọn a bu ẹmu fún mi, èmi a sì máa wo ojú àwọn èèyàn tí n kò bá jókòó rí.