Sí Dádì Kíláàsì, Ẹni Tí A Jọ Kọ́ Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Áà, Dádì! Ṣé bí ẹ ṣe máa lọ náà nìyí? Ẹ dìde láàárín wa bí ẹni tí wọ́n pè níta, ọ̀rọ̀ wa ò sì tíì tán. Ikú ò mà gbẹ̀bẹ̀ o. Bó bá ń gbẹ̀bẹ̀ ni, ǹ bá ti bẹ̀ ẹ́ kó fi yín sílẹ̀ fún wa díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin èèyàn Iléṣà àti Òṣogbo tí ẹ wá sin Bàbá Ezekiel Ajíbádé, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ó rí àwòrán mi láàárín àwọn ọmọ Bàbá nínú ìwé ètò ìsìnkú yìí, ẹ ó sì máa bi ara yín pé ọmọ wo tún nìyí. Bàbá kọ́ ló bí mi, n kì í sì í ṣe ọmọ-ọmọ wọn. Tèmítọ́pẹ́ lorúkọ mi, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni mí. Kíláàsì kan náà lèmi àti Bàbá wà ní yunifásítì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà la jọ kọ́. Nígbà tí a wọlé, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, Bàbá sì jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àbí kẹ́ ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, Bàbá fúnra wọn máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Dádì, mo rántí ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Mọ́mì, ìyàwó yín, ti lọ̀ títí tó fi le gbagidi, ẹ fi pẹ́ẹ̀nì mẹ́ta há àpò àyà, ẹ sì gbé àpò aláwọ kan lọ́wọ́. Bí ẹ ṣe yọjú lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo kíláàsì fò dìde, a kí yín pé, "Ẹ káàárọ̀, sà!" A rò pé olùkọ́ ni yín. Ẹ dá wa lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ ní kí a jókòó, a sì jókòó. Àfi bí ẹ ṣe wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì, ẹ ní, "Ọmọ mi, sún díẹ̀ fún mi." Kàmàlù, ọmọ Òṣogbo tó wà lẹ́yìn mi, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà lorúkọ yín di Dádì Kíláàsì.

Kí ló gbé ẹni tó ti fẹ̀yìn tì dé ìdí kọ̀ǹpútà? Ẹ ti sọ ìtàn yẹn fún wa débi pé mo há a sórí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Kò sí fáìlì tí ẹ ò mọ ibi tó wà. Bí ọ̀gá bá ń wá ìwé tí wọ́n ti kọ kí wọ́n tó bí mi, ẹ̀yin ni wọ́n á ránṣẹ́ sí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní kí Bàbá máa sinmi. Ẹ sinmi lórí àga kan náà fún ọdún mẹ́ta, láìríṣẹ́ ṣe. Ẹ ní, "Tọ́pẹ́, kò dùn mí pé kọ̀ǹpútà gbọ́n jù mí lọ. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò mọ bó ṣe gbọ́n." Ohun tó gbé yín lọ sí ìdánwò àṣewọlé láàárín àwọn ọmọ kéékèèké nìyẹn. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé! Ohun tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá ti dójú lé, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tí a ṣe tí kò yọrí sí rere ló sọ wá di ará ilé yín. Ọdún kejì ni. Olùkọ́ kan pín wa sí ẹgbẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ó wá fi èmi, Kàmàlù àti ẹ̀yin sójú kan. Iṣẹ́ náà ò le rárá. Kí a kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa to orúkọ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni dókítà yóò kọ́kọ́ rí. Dádì, ẹ ní kí a fi ibi títo orúkọ yẹn sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọjọ́ ayé yín to fáìlì. Ẹ kọ ọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wá dán an wò, mo rí i pé bí ẹni àádọ́rin ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń gbé e síwájú ọmọ ogún ọdún tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Dádì, ẹ ti to àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe ń to èèyàn níbi ìpàdé ẹbí ní Iléṣà, àgbà níwájú, ọmọdé lẹ́yìn. Lójú yín, kò tiẹ̀ jọ àṣìṣe. Ẹ̀kọ́ ilé ni.

Mo rí i. Kàmàlù náà rí i. A wo ojú ara wa. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó dàgbà ju bàbá ẹni lọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dára? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ lọmọ ń wò. Mo ní, "Ó dáa gan-an, sà." Kàmàlù ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." A gbé iṣẹ́ náà fún olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Máàkì méjì nínú ogún ni wọ́n fún wa.

Dádì, ẹ pè wá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, ẹ tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Ẹ ní, "Ṣé ẹ rí i kí ẹ tó gbé e lọ?" A ń wolẹ̀. "Mo ní ṣé ẹ rí i!" Mo ní, "A rí i, sà." Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà lẹ wá bínú. Ẹ bínú débi pé èdè Ìjẹ̀ṣà lẹ fi ń bá wa wí, Kàmàlù ò sì gbọ́ ìdajì rẹ̀. Òun ṣáà ń wí pé, "Ẹ má bínú, sà." Mọ́mì ló jáde wá bá wa bẹ̀ yín. Nígbà tí ọkàn yín wálẹ̀, ẹ ní, "Ẹ̀yin ń bọ̀wọ̀ fún mi, èmi ń kùnà. Ọ̀wọ̀ wo nìyẹn? Tọ́pẹ́, bí o bá fẹ́, kúnlẹ̀ kí o tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n sọ ọ́."

Ó le fún mi o. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú ẹ̀, mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ìlà kẹrin yẹn ò dáa." Ẹ yọ awò ojú yín, ẹ nù ún, ẹ tún un fi sójú, ẹ wo ìlà náà. Ẹ ní, "Òótọ́ ni. Dìde, jẹ́ ká tún un ṣe." Ó tán. Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, orí ìjókòó ni mo ti ń sọ pé, "Dádì, ẹ ti tún bà á jẹ́ o." Mọ́mì á máa rẹ́rìn-ín láti inú ilé, wọ́n á ní, "Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Ẹ ò fẹ́ràn kí wọ́n máa pọ́n èèyàn lásán, nítorí náà n kò ní pa irọ́ mọ́ yín níbi òkú yín. Ìka kan ṣoṣo lẹ fi ń tẹ kọ̀ǹpútà títí a fi jáde. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ lẹ máa ń tẹ̀ sórí ìwé, ẹ ó sì kó o sínú fáìlì, bí ẹni pé kọ̀ǹpútà fẹ́ sá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ ó kọ́kọ́ dágbére fún un. Ẹ lágídí, ẹ sì máa ń fi ìtàn fáìlì dá ìwé kíkà wa dúró. Síbẹ̀, ta ni mo tún fẹ́ rí bíi yín? Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà sú mi tí mo kó ẹrù padà sílé, ẹ wọ ọkọ̀ lọ bá bàbá mi ní Ẹ̀sà-Òkè. Ẹ ò bẹ̀ wọ́n, ẹ ò sì wàásù fún wọn. Ẹ kàn ṣí kọ̀ǹpútà, ẹ ní kí wọ́n wá wo ètò tí ọmọ wọn kọ, tó ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ wò ó títí, wọ́n ní, "Tèmítọ́pẹ́ ló ṣe èyí?" Ọjọ́ kejì ni mo padà sí Òṣogbo.

Èmi àti Kàmàlù gboyè jáde. Ẹ̀yin ò jáde, Dádì. Kọ́ọ̀sì kan ló há yín, ìṣirò ọdún kejì. Ẹ ti kùnà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, láìsí òun, wọn ò ní fún yín níwèé ẹ̀rí. Àwọn ọmọ yín ní, "Bàbá, ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbìyànjú." Mi ò dá wọn lẹ́bi, ara yín ò yá mọ́ nígbà náà, ẹsẹ̀ ti ń wú. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ ránṣẹ́ pè mí. Ẹ ní, "Pásítọ̀ ní n óò yege. Mọ́mì yín ní n óò yege. Gbogbo ilé ní n óò yege. Ìwọ ńkọ́, Tọ́pẹ́?"

Ẹ̀rù bà mí. Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún aláìsàn? Mo ní, "Dádì, bí ẹ ṣe ń kà á yìí, ẹ ò lè yege. Ńṣe lẹ ń há ìdáhùn sórí bí orin ìjọ. Ẹ ò tíì fọwọ́ ara yín ṣe ẹyọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Mọ́mì tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ dúró sójú kan. Mo ti ń wá bí n óò ṣe bẹ̀ yín nígbà tí ẹ ní, "Mú ìwé wá."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé la fi ń ṣe ìṣirò. Bí ara bá ń ro yín, orí bẹ́ẹ̀dì la ó ti ṣe é. Ẹ kún ìwé eléwé ọgọ́ta mọ́kànlá. Èmi tí mo ń kọ́ yín, èmi náà wá mọ ìṣirò yẹn ju ìgbà tí mo yege rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ ìdánwò, Kàmàlù fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa, àwa méjèèjì la dì yín mú gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí ẹ jáde, mo bi yín pé báwo ni. Ẹ ní, "Ìbéèrè márùn-ún ni mo dáhùn. Ọ̀kan ò dá mi lójú. Mẹ́rin yòókù, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é." Inú yín dùn bí ọmọ tuntun. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ fi wá sílẹ̀, èsì ò sì tíì jáde.

Dádì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọmọ tí kò lè wo àgbà lójú ni mí nígbà tí ẹ ní kí n sún fún yín. Lónìí mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun níhìn-ín, ní Òṣogbo. Láìpẹ́ yìí, ọ̀gá mi gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ níwájú gbogbo wa, mo nawọ́, mo ní, "Ẹ má bínú, sà, àṣìṣe wà níbẹ̀." Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi láti máa sọ̀rọ̀ báyìí. Mo ní ọmọ kíláàsì mi kan ni. Mọ́mì, ẹ ṣeun tí ẹ yá mi ní ọkọ yín ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí ẹ sì ń bọ́ mi lé e. Ẹ̀yin ọmọ Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí bí àbúrò. Ọlọ́run á dá gbogbo yín sí.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ń tẹ̀wé, mo tún sáré padà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró dè mí. Èsì ìdánwò yín jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Mo lọ wò ó fúnra mi, mi ò rán ẹnikẹ́ni. Máàkì náà ò pọ̀, Dádì, mi ò sì ní bù kún un nítorí pé ẹ ti kú. Márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ń yege. Mẹ́rìndínláàádọ́ta lẹ gbà. Nígbà tí mo kà á fún Mọ́mì, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tètè wá sọ fún yín.

Ẹ yege, Dádì. Ẹ sùn re, ẹ sùn fọkàn balẹ̀. Kò sí kọ́ọ̀sì kankan lọ́rùn yín mọ́.